Ẹni Tó Wọlé Iṣẹ́ Tí Kò Jáde

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara? Iṣẹ́ ńkọ́? Ilé tí o ń gbé ńkọ́, ṣé onílé ti tún ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ṣe? Àwa tí a wà níbí ń mí, a sì ń jẹun, a dúpẹ́. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó, torí ó máa gùn díẹ̀. Ìyá rẹ ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi ọ̀rọ̀ gígùn dá ọ dúró, ṣùgbọ́n nínú èmi àti òun, ta ló mú bírò dání?

Orúnkún ìyá rẹ ti dẹ̀ ẹ́ lára díẹ̀. Ewúrẹ́ oníwo kan ti bí méjì, akọ ni méjèèjì. Télọ̀ tó kọjú sí wa ti ra ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń lo iná, àtọjọ́ tó sì ti rà á ni iná ò ti tàn, nítorí náà ó ti padà sídìí èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wà, ó wá gbé tuntun náà sí pálọ̀, ó fi aṣọ bò ó bí àlejò.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ tí o bá wa sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. O ní iṣẹ́ rẹ ni kí o máa to wákàtí àwọn òṣìṣẹ́ sórí ṣíìtì. Bí ìyá rẹ ṣe gbọ́ ṣíìtì, ó ní ṣé ilé ìtura ni wọ́n gbà ọ́ sí kí o máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ṣebí o kàwé. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ó ní láti jẹ́ aṣọ funfun fífẹ̀ kan tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì ọ̀gá, tí ẹ wá ń kọ nǹkan sí lára. Ìyẹn yé e. Èyí tí kò yé àwa méjèèjì ni ti sẹ́ẹ̀lì. O ní inú sẹ́ẹ̀lì ni o ń fi wákàtí kọ̀ọ̀kan sí, àti pé sẹ́ẹ̀lì náà lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Ọmọ mi, nínú gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá tí mo ti yọjú sí láyé mi, mi ò rí èyí tó ní ju méjì lọ. Bí wọ́n bá ní kí o wọ inú ọ̀kan lọ wò ó, jọ̀ọ́, sọ fún wọn pé bàbá rẹ ní ẹnu ọ̀nà ni kí o dúró sí.

O tún ní o ń gé e níbì kan, o ń lẹ̀ ẹ́ síbòmíràn. Gọ́ọ̀mù ni kí o máa fi lẹ̀ ẹ́ o. Má lo ìyẹ̀fun tí wọ́n fi omi pò, aáyán fẹ́ràn rẹ̀ jù, òun ló jẹ́ kí ìwé ìbí rẹ ku igun mẹ́ta. Ti pé inú àwọsánmà ni ẹ ń kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ sí, mi ò fẹ́ bá ọ̀gá rẹ jiyàn, ṣùgbọ́n ní àsìkò òjò tí a wà yìí, ẹ tún un rò. Abẹ́ àga ni èmi ń tọ́jú ìwé tèmi sí, omi ò sì kàn án rí.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rín nínú èyí tí o sọ gbẹ̀yìn, tí ohùn rẹ fi yí padà. O ní ẹ̀rọ kan wà lẹ́nu géètì yín tí olúkúlùkù ń fi ìka tẹ̀ nígbà tó bá ń wọlé àti nígbà tó bá ń jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ò mọ nǹkan tò, ńṣe ló ń da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ bí ọmọdé tó tú àpò bàbá rẹ̀. Ìwọ lo wá ń tò ó, ọjọ́ kan ìlà kan, kí ìwọlé àti ìjáde ẹnì kọ̀ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. O tò ó títí, o kan orúkọ obìnrin tó ń gbálẹ̀ fún yín, o sì rí ọjọ́ mọ́kànlá tó wọlé tí kò jáde. Ọ̀gá ní ńṣe ló ń yọ́ lọ sílé, pé bí ìwé tí o tò bá ti dé ọwọ́ òun lọ́jọ́ Ẹtì, òun á lé e. O ní wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ rẹ gba oúnjẹ lẹ́nu ọlọ́mọ. Ibẹ̀ ni fóònù gbé kú.

Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti dùbúlẹ̀ sí mi láyà, torí iṣẹ́ yìí gan-an ni mo ṣe kí a tó bí ọ, nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹnu géètì ní ilé iṣẹ́ òwú. O mọ̀ pé mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n apá kan wà tí a ò sọ fún ọ rí.

Fèrèsé kékeré kan ni wọ́n fún mi, àga kan, ìwé ńlá kan, àti rúlà tí orí rẹ̀ ti ṣẹ́. Mo ń fa ìlà sí àárín ojú ìwé, ìwọlé lápá òsì, ìjáde lápá ọ̀tún. Òṣìṣẹ́ lé ní igba, ìró ẹsẹ̀ wọn ni mo fi ń dá wọn mọ̀ kí n tó gbójú sókè. Bí wọ́n bá ń jáde nírọ̀lẹ́, eruku òwú á ti bo gbogbo irun wọn, ọmọge ogún ọdún á dà bí ìyá àgbà, a ó wá máa kí ara wa pé ẹ kú ogbó, ẹ kú ewú orí. Ọmọ mi, ayé dùn! Ìyá rẹ wà lára àwọn tó ń ká òwú. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n ju pé ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó dárúkọ ara rẹ̀ fún mi.

Lọ́jọ́rú kan, ó wọlé kí agogo tó lù. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, apá ọ̀tún rẹ̀ ṣófo. Kò wá lọ́jọ́ kejì, kò wá lọ́jọ́ kẹta. Ọ̀gá ní kí n mú ìwé wá, mo sì kọ síwájú orúkọ rẹ̀ pé ó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìkọ̀wé mi rẹwà nígbà náà, ìyẹn ló sì burú jù, torí ohun tí wọ́n bá fi ọwọ́ tó gún kọ, tètè ni èèyàn ń gbà á gbọ́. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé ó dé, ọlọ́dẹ ní kó padà. Kò pariwo. Ó wá sí fèrèsé mi, ó bi mí pé ṣé mo rí òun nígbà tí òun wọlé lọ́jọ́ náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ló wá dé tí mi ò béèrè ibi tí òun gbà jáde. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, aṣọ ni wọ́n fi di ìka rẹ̀, aṣọ náà sì ti dúdú. Ẹ̀rọ ló gé e. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ibi tí wọ́n ń gbà kó ìdì òwú sínú ọkọ̀, ni wọ́n gbé e gbà. Ìka tí kì í ká yẹn, èyí tí a sọ fún ọ pé ilẹ̀kùn ló pa á, òun náà nìyẹn.

Mo lọ bá ọ̀gá pé irọ́ ni mo kọ. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìwé kì í ṣe pátákó tí wọ́n ń nù. Mo ní mi ò ní nù ún. Mo mú bírò pupa, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé irọ́ ni tòkè yìí, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ló ṣe é léṣe, èmi akọ̀wé ni mi ò béèrè. Wọ́n dá ìyá rẹ padà sí yàrá tí wọ́n ti ń ká òwú. Wọ́n yọ èmi lórí àga, wọ́n ní kí n lọ máa ru ìdì òwú fún oṣù mẹ́ta. Iwájú fèrèsé rẹ̀ ni mo sì ń gbà kọjá. Ìyá rẹ ní kí n fi kún un pé kì í ṣe nítorí bírò pupa ni òun ṣe fẹ́ mi o, pé mi ò mọ ẹrù rù ni, àánú ló ṣe òun.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí tíṣà àdúgbò wa fi fóònù rẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ ṣókí sí ọ pé kí o lọ béèrè lọ́wọ́ obìnrin náà fúnra rẹ̀.

Mo fi bírò sílẹ̀ níbí yìí fún ọjọ́ díẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ti dé báyìí. Tíṣà ti ka èsì rẹ sí wa létí ní ẹ̀ẹ̀mẹta. O ní o béèrè, obìnrin náà sì ní ìrọ̀lẹ́ ni òun ń wọlé nígbà tí ẹ bá ti ń lọ, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni òun ń jáde. Ìwọ tò ó ní ọjọ́ kan ìlà kan, ìjáde rẹ̀ wá bọ́ sí ọ̀la, o rò pé àṣìṣe ni, o sì gé gbogbo rẹ̀ dànù. O wá a padà, mọ́kànlá pé mọ́kànlá. O gbé e lọ fún ọ̀gá, o sì sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé ìwọ lo tò ó ṣì, kì í ṣe obìnrin náà ló ṣẹ̀. Nígbà tí tíṣà ka ibẹ̀, mo ṣí fìlà. Ìyá rẹ béèrè bóyá ọ̀gá bẹ obìnrin náà. Tíṣà ní ìyẹn ò sí níbẹ̀, pé ọ̀gá kàn ní kí obìnrin náà máa bá iṣẹ́ lọ ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bí a ṣe ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú orúnkún ìyá rẹ, a gba ẹ̀gbẹ́ ilé iṣẹ́ òwú. Kò sí òrùlé mọ́. Igi ti hù níbi tí ẹ̀rọ wà, wọ́n sì ti fi búlọ́ọ̀kù dí fèrèsé mi. Ìyá rẹ gba ibi tí géètì wà tẹ́lẹ̀ wọlé, ó yíjú padà, ó bi mí pé aago mélòó ni mo máa kọ fún òun. Mo wo oòrùn, mo ní kó jókòó, ilẹ̀ ò tíì ṣú. A jókòó lórí ògiri tó wó, a ń dárúkọ àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ti lọ pọ̀ ju àwọn tó kù lọ.

Bí oṣù bá parí, bá wa wá nǹkan díẹ̀ fún òògùn ìpara orúnkún, kí o sì fi bírò méjì kún un. Fi í rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé, má fi sí báǹkì. Ẹni tí wọ́n fi sínú ògiri níbẹ̀ pé kó máa na owó síta, mo kí i lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn. Ó dájú pé ọ̀gá rẹ̀ le, mi ò sì fẹ́ kó bọ́ sí wàhálà nítorí tiwa.

Ojú rẹ kò ní fọ́ sídìí iṣẹ́. Wọn ò ní fi ọ́ ṣe ohun tí wàá máa fi ọwọ́ bo ojú sọ lọ́jọ́ alẹ́. Àwọn tí o ṣe lóore á bá ọmọ rẹ níwájú. Àṣẹ.

Èmi ni bàbá rẹ.

Ìyá rẹ ní òun fẹ́ fọwọ́ ara òun kọ nǹkan síbí. Mo ti fi àyè sílẹ̀ fún un láti àárọ̀, ó ní òun ṣì ń ronú.

Ọmọ mi, bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, dìde níbẹ̀ kí o máa lọ sílé. Èmi ni, ìyá rẹ.