Fọ́tò Tí Mi Ò Tún Ṣe

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹsàn-án
Gìrìpá ọkọ mi pè láti orí òkun, nínú ọkọ̀ ojú omi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ń wọlé. Lẹ́yìn ọdún méjì! Orí mi wú, àyà mi sì já. Ojú nìkan ló fi hàn mí lórí fóònù. Mo ní kí n rí àyà ọkọ mi, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.
Èmi náà ńkọ́? Àpá òróró gbígbóná rèé, láti abẹ́ ọmú dé ìdodo. Látìgbà tó ti jó mi, mi ò bọ́ṣọ níwájú ẹ̀ rí láìpa iná. Ọwọ́ ẹ̀ ń wù mí. Ojú ẹ̀ ni mò ń sá fún.

Ọjọ́rú, 6
Iṣẹ́ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò wa. Àwọn obìnrin tó ń ya fọ́tò inú yàrá — ṣìmí lásán lọ́rùn, lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gá mi obìnrin ló ń yà wọ́n, èmi ni mò ń fi kọ̀ǹpútà pa ilà ikùn wọn rẹ́. Wọn á wọlé bí ẹni tó jalè, wọn á jáde bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Mò ń jowú wọn, kí n má parọ́.

Ọjọ́bọ̀, 7
Ọ̀gá ní òun ti rí bí mo ṣe ń wo bẹ́ẹ̀dì yẹn. Mo ní arúgbó bíi tèmi? Ó ní, “Ta ló fi ẹ́ joyè arúgbó? Gbé ìdí ẹ síbẹ̀ jàre.”
Mo bọ́ṣọ. Mo fọwọ́ bo ikùn. Ọ̀gá ò bínú, kò sì tíì ya fọ́tò. Ó kàn dúró dè mí, títí ọwọ́ mi fi rọ̀ kúrò níkùn, kó tó yà mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Kí ló tiẹ̀ kó sí mi lórí tí mo gbà?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12
Bá a bá ń tún fọ́tò ṣe, a máa ń fẹ̀ ẹ́ títí a ó fi rí kìkì awọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń pa àpá kan rẹ́ láàárọ̀ yìí, mò ń kọrin lábẹ́nu. Nígbà tí mo sún un padà — obìnrin kan ló nà gbalaja, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé lára ẹ̀, ó rẹwà! Àpá ẹ̀ ti ku ìdajì. Háà. Èmi mà ni!
Mo sunkún. Mo dá àpá náà padà, gbogbo ẹ̀ pátá. Ọ̀gá ní ṣé kóun bá mi parí ẹ̀. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́bọ̀, 14
Mo bọ́ṣọ níwájú dígí lọ́sàn-án gangan. Gìrìpá, máa bọ̀ jàre. Àárò ẹ ń pa mí.

Ọjọ́ Àìkú, 17
Ó dé lánàá. Ó rù. Ẹ̀gbẹ́ kan ló fi dì mọ́ mi.
Mo fún un ní fọ́tò náà. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, “Èyí lo ń fi pamọ́ fún mi látọjọ́ yìí?” Mo bọ́ṣọ, iná ń tàn. Mo ní, “Ó kàn ẹ́.” Ló bá di bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ mú.
“Jọ̀ọ́, pa iná.”
Gìrìpá! Ó ní páìpù gbígbóná bẹ́ sóun láyà nínú ọkọ̀ ojú omi, òun ò mọ bóun ṣe máa sọ ọ́. Áà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ò dáa.
Mi ò pa iná. Mi ò fà á láṣọ. Mo jókòó tì í, mo dúró dè é, títí ọwọ́ ẹ̀ fi rọ̀ kúrò lára bọ́tìnnì.