Ọjọ́ Mẹ́rin Tí A Kò Gbúròó Ketaki

Ketaki ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Ṣé àlàáfíà lo bá padà dé Pune níbi iṣẹ́ rẹ? Àwa náà wà níbí, Vithoba òrìṣà wa kò jẹ́ kí ojú tì wá. Ẹfọ̀n wa tí à ń fún wàrà rẹ̀ ti bímọ, abo ni. Òjò pẹ́ kó tó dé, ó wá dé lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbé ìdajì ògiri ẹ̀yìnkùlé lọ.

Jókòó kí o tó ka èyí tó kù. Nígbà tí o pè pé wọ́n fún ọ ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, pé o fẹ́ gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn lọ sí Kolkata, mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, o sì ń lọ ṣe alábàárù. Mi ò sọ fún ìyá rẹ. Ọjọ́ kejì mo pè ọ́, obìnrin kan ló gbé e, ó ní n kò lè bá ẹni tí mò ń pè sọ̀rọ̀ báyìí, kí n tún pè tó bá yá. Mo kí i dáadáa, mo sọ orúkọ mi fún un, mo ní kó gbé fóònù fún ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ kan náà ló tún sọ. Ọjọ́ kẹta mo bẹ̀ ẹ́ kó sọ ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa. Kò bínú, kò sì yí ohùn padà. Ẹni tó gbọ́ ẹkún baba ọlọ́mọ tí ohùn rẹ̀ ò yẹ̀, ọmọ mi, ọkàn onítọ̀hún le. Ibi tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ ni ìyá rẹ ti gbọ́ mi. Láti ìgbà náà kò yan búrẹ́dì bhakri wa mọ́, ó kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo títì.

Ọjọ́ kẹrin mo gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ọ̀gá Gaikwad fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè bí èmi àti ẹni tó sọnù ṣe jẹ́ síra wa, mo kọ ọ́ pé a kò jà rí, àfi ìgbà tí o kọ ọmọ Shirsat tó fẹ́ fi ọ́ ṣaya. Wọ́n béèrè àmì tí a fi lè dá ọ mọ̀, mo kọ ọ́ pé bí wọ́n bá fún un ní tíì tí ṣúgà rẹ̀ kéré, yóò dá a padà. Wọ́n béèrè ìgbà tí a rí ọ kẹ́yìn, mo kọ ọdún Diwali, mo sì fi fọ́ọ̀mù náà lé e lọ́wọ́. Ọ̀gá Gaikwad kà á, kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ nọ́ńbà rẹ, ìwọ fúnra rẹ lo sì gbé e.

O ní inú ọkọ̀ ojú omi lo wà, ẹ ń sọdá odò, pé omi ló wọ fóònù rẹ, ẹni tó ń tún un ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a padà fún ọ ni. O ní ibùsùn mẹ́jọ ló wà ní yàrá tí o wọ̀ sí, wọ́n gbé e léra wọn méjì méjì, obìnrin ará Chile tó ń sùn lókè rẹ ti kọ́ ọ lórin. Mo béèrè bóyá ibùsùn òkè kò ní já lù ọ́, ẹ̀rín lo fi dá mi lóhùn. O ní o jí ní ìdájí lọ sọ́jà òdòdó lábẹ́ afárá, o wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ láàárín títì, o jẹ ẹja tí ata rẹ̀ gbomi lójú rẹ, o tún ní kí wọ́n bù sí i. O ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dùn mọ́ ọ. Mo ti la ẹnu láti bú ọ nígbà tí o sọ pé, "Bàbá, látìgbà tí ẹ ti bí mi, mi ò tíì dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Inú mi dùn gan-an ni."

Mo dá fóònù padà fún ọ̀gá, mo jáde lọ sunkún lábẹ́ igi dongoyárò. Mi ò mọ èyí tí mo ń sunkún sí, ìbẹ̀rù ni àbí ọ̀rọ̀ yẹn.

Mo délé, mo ròyìn fún ìyá rẹ, mo rò pé yóò gbé ọ ṣépè. Ó kàn ní, "Odò yẹn, ṣé ó fẹ̀?" Mo ní mi ò béèrè. Ó ní kí ni mo wá béèrè. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí wọ́n mú un wá fún mi, àtìgbà náà, ọjà Akluj àti tẹ́ńpìlì Pandharpur nìkan lẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní ibi tí o bá tún ń lọ, òun ń bá ọ lọ. Mo ní ta ni yóò máa dáná fún mi. Ó ní ẹfọ̀n kì í dáná, ebi ò sì tíì pa á kú.

Nítorí náà, ọmọ mi, fi owó ọkọ̀ ojú irin ránṣẹ́ kí oṣù tó parí. Ti ẹni kan ni, ti ìyá rẹ. Mo ní kó sọ ọ́ di ti ẹni méjì, ó ní kí n má kọ ọ́ síbẹ̀.

Vithoba yóò máa ṣọ́ ọ níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́ àti níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́. O ò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. 

Èmi ni bàbá rẹ,
Dnyanoba