Ásíìdì Tí A Fi Ń Fọ Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ ní Rippleside

Ojúlé Kejìlélógójì,
Marlpit Close,
Parsloes,
Dagenham.

Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹta, Ọdún 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Tó Ń Bójú Tó Ààbò Níbi Iṣẹ́,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Barking àti Dagenham,
Barking.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸJỌ́ LÓRÍ ÁSÍÌDÌ TÍ WỌ́N FI Ń FỌ ERUKU BÚRẸ́ÈKÌ KÚRÒ LÁRA ẸSẸ̀ ỌKỌ̀, ÀTI ỌWỌ́ OBÌNRIN KAN TÓ BÀJẸ́

Orúkọ mi ni Olúdayọ̀ Ògúnṣọlá. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe alábòójútó ní ibi ìfọkọ̀ kan ní Rippleside. Orúkọ ibẹ̀ àti ti ẹni tó ni ín wà nínú ìwé tí mo so mọ́ lẹ́tà yìí. Mo ń kọ̀wé láti fi ẹjọ́ wọn sùn, mo sì ní láti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹjọ́ náà kan èmi gan-an.

Ẹ̀yin náà mọ eruku dúdú tó máa ń lẹ̀ mọ́ rííìmù ọkọ̀. Búrẹ́èkì ló ń yọ ọ́. Bó bá pẹ́, ooru á sun ún mọ́ irin. Síbẹ̀, iṣẹ́ náà kò le fún ẹni tó bá ní sùúrù: kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ́kọ́ tutù, kí a fi omi ṣan án kí eruku má baà fẹ́ sí wa nímú, kí a wá fi ọṣẹ tí kò ní ásíìdì àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Ìṣẹ́jú márùndínlógún ni. Ọ̀gá wa fẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìdí nìyẹn tó fi ra ásíìdì. Àkọlé ara kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kìlọ̀, ó sì ní àwòrán ọwọ́ tí nǹkan ń jẹ. Láràárọ̀, èmi ni mo máa ń bù ú sínú òfìfo ike omi tí kò ní àkọlé kankan.

Ní Sátidé ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì, ìbọ̀wọ́ tán. Basheerah, obìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó ń gbé ní Becontree, wá bá mi. Ó ní, “Bọ̀dá Dayọ̀, ìbọ̀wọ́ mi ti ya o. Òmíràn ńkọ́?” Mo ní kó máa ṣe é bẹ́ẹ̀, kó ṣáà máa fi omi ṣan ọwọ́. Ó ní, “Ó dáa, sà.” Ọkọ̀ mọ́kànlá ló fọ ẹsẹ̀ wọn. Ásíìdì náà kò ta á, kò yún un. Irú ásíìdì yìí máa ń wọ inú ẹran ara kí ìrora tó bẹ̀rẹ̀. Ó wà lára àkọlé kẹ́ẹ̀gì. N kò kà á débẹ̀ rí.

Ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Tàjùdíìnì ọkọ rẹ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn, nígbà tí ìrora ti ń mú Basheerah ké. Nọ́ọ̀sì kan pè wá lórí fóònù. Ó bèèrè kẹ́míkà tí Basheerah fọwọ́ kàn, ó ní ìtọ́jú dúró lórí ìdáhùn wa. Ọ̀gá wa dúró tì mí, ó ń mi orí pé rárá. Mo dáhùn pé ọṣẹ lásán ni.

Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi ń fọ ilẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo fi fóònù ya àkọlé kẹ́ẹ̀gì náà, mo wọ ọkọ̀ mi, mo gbé e lọ fún nọ́ọ̀sì. Kíá ni wọ́n pààrọ̀ ìtọ́jú. Wọ́n gba ọwọ́ náà là, ṣùgbọ́n orí ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún kò ṣeé gbà. Aṣọ ni Basheerah máa ń rán nílé lẹ́yìn iṣẹ́. Dókítà kò sọ pé ogójì ìṣẹ́jú yẹn ló fà á. Kò sì sọ pé ìyẹn kọ́ ló fà á.

Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gá wa gbé ìwé kan síwájú mi pé kí n fọwọ́ sí i pé Basheerah ló mú kẹ́míkà wá láti ilé rẹ̀. N kò fọwọ́ sí i. Ó lé mi kúrò níbi iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dá Basheerah sílẹ̀ nílé ìwòsàn, mo lọ sí ilé rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Tàjùdíìnì dìde, ó jáde kúrò nínú yàrá. Basheerah ní, “Ẹ dìde, Bọ̀dá Dayọ̀. Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n á ti rí nǹkan ṣe sí i.” Ìdí lẹ́tà yìí nìyẹn. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí n tó lè kọ ọ́, n kò sì ní àwáwí.

Mo bẹ̀ yín kí ẹ lọ yẹ ibẹ̀ wò láìfi tó wọn létí, kí ẹ kó ásíìdì náà kúrò, kí ẹ sì rí i pé kò sí òṣìṣẹ́ tí yóò tún fọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ láìní ìbọ̀wọ́. Kí ẹ kọ orúkọ tèmi náà mọ́ ti àwọn tí ẹ máa bi léèrè.

Lánàá, mo gba iwájú ibẹ̀ kọjá. Obìnrin mìíràn ti wà níbi tí Basheerah máa ń lóṣòó sí, ó mú ike kan dání, kò sì sí ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó di Sátidé kí ẹ tó débẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, tí mo ṣetán láti jẹ́rìí,

Olúdayọ̀ Ògúnṣọlá,
Alábòójútó òṣìṣẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí.