Mo Ti Gé Àgbàdo Kí Hẹlikọ́pítà Yín Lè Ríbi Balẹ̀ Sí

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé orí ò fọ́ ọ, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé inú ilé yẹn ò bá ọ jà mọ́ nítorí omi? Àwa níbí wà láàyè, a dúpẹ́, àyàfi orúnkún ìyá rẹ tó ń dún bíi ṣéènì tí kò rí òróró, àti èmi fúnra mi tí nǹkan kan ò yé mọ́ láti ìgbà tí ìwé rẹ ti dé. Àdúrà mi ni pé ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ kò ní yọ̀, àwọn tó ga jù ọ́ lọ níbi iṣẹ́ ò ní fi ojú burúkú wò ọ́, ohun tí ò ń wá kò sì ní ṣòro rí. Àmín.

Owó tí o fi ránṣẹ́ ní bánkì níjọ́sí ti dé ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n ojú mi rí nǹkan. Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní kí n fọwọ́ síwèé bí mo ṣe fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tí mo ṣí àkáǹtì. Mo ní lọ́jọ́ yẹn inú mi dùn, lónìí ẹ̀yìn ń dùn mí, báwo ni ọwọ́ ṣe fẹ́ jọra wọn? Ó ní kí n tún un ṣe. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ kí inú mi lè dùn bíi ti ìjọ́sí, mo tún fọwọ́ sí i, ó sì gbà á. Ìwọ náà wo ọgbọ́n.

Kí n tó lọ jìnnà, kí n dúpẹ́ ìwé ibi iṣẹ́ rẹ. Èmi ni mo bi ọ́ pé kí ni iṣẹ́ rẹ gan-an, torí télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ìsọ̀ kẹ̀kẹ́ mi, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Mo-ti-gbọ́, kò jẹ́ kí n sinmi. Bí mo bá ti ní ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta hẹlikọ́pítà, á ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ṣé ọmọ mi ló ń tà á ni àbí òun ló ń nù ún? Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí. Nígbà tí ìwé rẹ wá dé, tó ń dán gbinrin, tó ní àwòrán hẹlikọ́pítà lára èèpo, mo gbé e síwájú ìsọ̀, mo fi táyà tẹ̀ ẹ́ kí atẹ́gùn má gbé e lọ, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè rí i. Tísà àgbà ló jókòó tì mí, tó túmọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni bí ọjà hẹlikọ́pítà ṣe ń lọ sí ní agbègbè wa. Ó kà á tán, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní ṣé ó yé mi. Mo ní ó yé mi. Ọmọ mi, kò yé mi o.

Jẹ́ kí n ti ibi tó yé mi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fa epo lábẹ́ òkun, àwọn tó ti ń ra hẹlikọ́pítà jù lọ láti ọjọ́ pípẹ́, wọn ò rà á bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Èyí yé mi, kò sí oníbàárà tí kì í yísẹ̀ padà. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ò ra tuntun mọ́, àlòkù ni wọ́n ń rà. Èyí náà yé mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Àlòkù kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú lásán rà. Sọ fún ọ̀gá rẹ kó dojú rẹ̀ délẹ̀, kó fọwọ́ yí fáànù tó wà lórí rẹ̀, kó tẹ́tí sí i. Bó bá ń dún kẹrẹkẹrẹ, bíárìn ti lọ nìyẹn, kó gbówó rẹ̀ sápò. Kó sì wo abẹ́ ọ̀dà dáadáa, torí ọ̀dà tuntun lára àlòkù, nǹkan ló ń bò.

Ó tún ní àwọn mìíràn kì í rà á rárá, ńṣe ni wọ́n ń háyà rẹ̀. Háà! Ohun tó ń fò! Èmi tí mo fi kẹ̀kẹ́ háyà rí, kẹ̀kẹ́ tí kò kúrò nílẹ̀, ẹni tó gbé e ò padà títí dòní. Ìgbà yẹn ni mo kọ́gbọ́n tí mo bẹ̀rẹ̀ sí gba bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ háyà, torí kò sẹ́ni tó máa fi bàtà ẹsẹ̀ kan sá lọ jìnnà. Ẹ gba bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ awakọ̀ yẹn. Tísà tún kà á pé àwọn tó ń tún hẹlikọ́pítà ṣe ò pọ̀ tó, pé wọ́n ń wá èèyàn. Mo wo ọwọ́ mi. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ṣé o mọ ẹnì kan, ìwọ náà ṣáà mọ ilé bàbá rẹ.

Ibi tí ọkàn mi wá dúró sí ni àwòrán àárín ìwé yẹn. Ìlà pupa kan ni. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó rìn gbọọrọ díẹ̀, lẹ́yìn náà ló gbéra, ó ń gòkè, ó ń gòkè. Tísà ní ìlà yẹn ni ti hẹlikọ́pítà tó ń gbé aláìsàn, pé ó ń gòkè lọ́dọọdún ní agbègbè wa. Mo ní mo rí i, ojú mi ò fọ́, mo rí ibi tó ti gbéra. Ṣùgbọ́n nígbà tó dókè pátápátá, kò balẹ̀. Ó kàn di tótòtó, tó, tó, tó, bí ibi tí adìẹ ti ń ṣa ọkà, títí tó fi kan etí ìwé. Mo ní kí ni tótòtó yìí. Tísà ní ibi tí kò tíì dé ni, ibi tí wọ́n rò pé ó máa dé lọ́dún yìí àti lọ́dún tó ń bọ̀ ni. Ọmọ mi, mo fò sókè. Hẹlikọ́pítà tó ń gbé aláìsàn, ní agbègbè wa, lọ́dún yìí! Mo ké sí ìyá rẹ pé kó wá wo ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe.

O ṣáà mọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ló tún lóyún yìí, oyún náà sì ti ń gbó. O mọ bó ṣe rí nígbà àkọ́kọ́. Afárá ti wó, ìrọbí ti mú un, ọkọ̀ ojú omi kékeré la fi gbé e sọdá odò, a ò sì tètè dé ilé ìwòsàn ńlá. Ọwọ́ òfo la bá padà wálé. Afárá yẹn ò tíì dìde títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Àwọn kan wá, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n yà á ní fọ́tò, wọ́n lọ. Nọ́ọ̀sì wa ti sọ ọ́ láìfi bò pé a ò gbọdọ̀ bí ọmọ yìí síbí, pé ó gbọ́dọ̀ wà nítòsí ilé ìwòsàn ńlá kí ìrọbí tó dé. Ọkọ rẹ̀ wà lójú òkun pẹ̀lú àwọn apẹja, kò tíì lè dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi rí ìlà pupa yẹn tí omi bọ́ lójú mi.

Ìyá rẹ ní kí n ní sùúrù, kí n kọ́kọ́ bi ọ́ wò. Mo ní ìwé ti sọ̀rọ̀, kí ni mo tún fẹ́ bi? Àlejò tó bá ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀, ilẹ̀ là ń gbá dè é. Mo mú àdá, mo wọ inú àgbàdo tó wà lẹ́yìn ilé, èyí tó ti yọ irun tán tó kù díẹ̀ kó gbó, mo gé e balẹ̀ pátá. Ìyá rẹ pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó ní bí ebi bá dé, ṣé fáànù orí hẹlikọ́pítà lòun máa sè? Mo ti rí i nínú àwòrán pé wọ́n máa ń fi ọ̀dà funfun ya róbótó sílẹ̀, wọ́n á wá kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí àárín rẹ̀. Mo mọ̀ pé lẹ́tà orúkọ onílé ni, kí awakọ̀ má bàa ṣìlé. Mo po ọ̀dà, mo ya róbótó tiwa, mo kọ lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé wa síbẹ̀, gàdàgbà gadagba. Mo-ti-gbọ́ ní òun ti gbọ́ pé lẹ́tà H kan náà ni wọ́n ń kọ káàkiri ayé. Mo ní ìyẹn ni pé ẹbí kan ṣoṣo ló ni gbogbo rẹ̀, abájọ tó fi wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n rẹ bẹ̀rẹ̀ sí gbé àga lọ síbẹ̀ láràárọ̀. Ó ní òun ò gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ o, atẹ́gùn lòun ń gbà. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí i tó ń wòkè.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dé. Òótọ́ ni mò ń sọ fún ọ. A kọ́kọ́ gbọ́ ọ, tátátátá, lẹ́yìn náà la rí i tó ń ti ọ̀nà odò bọ̀. Mo ju sípánà sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì sá jáde tòun ti oògùn lọ́wọ́. Ìyá rẹ tó ti ń bú mi bọ̀ láti ọjọ́ yìí, òun gan-an ló kọ́kọ́ tú ìborùn rẹ̀ tó ń jù ú sókè, tó ń ké pé kó máa bọ̀, ibí ni, ibí ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ dìde, ó di báàgì rẹ̀ mú. Òjìji nǹkan náà gba orí róbótó funfun yẹn kọjá, ó gba orí wa kọjá, ó ń lọ ní tiẹ̀. Kò tiẹ̀ rọra. A dúró títí a ò fi gbúròó rẹ̀ mọ́. Mo-ti-gbọ́ ló ṣa sípánà mi tó wà nílẹ̀ fún mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ tún jókòó, ó ní bóyá kò rí wa ni. Bó ṣe sọ ọ́ yẹn dùn mí ju bí ì bá ṣe sunkún lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi yá fóònù nọ́ọ̀sì pè ọ́. O ní o wà nípàdé, ò ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Èmi náà bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ni ìyá rẹ bá ń bi mí pé ta ló kú. Mo ní hẹlikọ́pítà yín ti fò wá kọjá. O ní kì í ṣe tiyín. O ní ìlà pupa yẹn kì í ṣe ọ̀nà tí hẹlikọ́pítà ń gbà, iye àwọn tó ń wá a ni. Mo ní àwa ń wá a. O wá ní àwọn tó ń wá a tí wọ́n sì lè sanwó rẹ̀ ni ẹ kà. O ní wàá pè mí padà. Mo fi fóònù sétí títí, nọ́ọ̀sì ní kí n jọ̀ọ́, òun fẹ́ máa lọ sílé.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ yìí ń yí lágbárí mi. Ta ló kà wọ́n? Mo ti bi gbogbo ilé tó wà ní òpópó wa, kò sẹ́ni tó wá bi wọ́n léèrè nǹkan kan. Ẹni tí ebi ń pa tí kò lówó, ṣé ebi ò pa á ni? Bóyá èmi ni mi ò gbọ́n. Tísà ní mo gbọ́n, pé bí wọ́n ṣe máa ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Bó ti wù kó rí, jọ̀ọ́, mú bírò, fi ẹnì kan kún ìlà yẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Bó bá tibẹ̀ ga díẹ̀ sí i, ọ̀gá rẹ ò ní mọ̀.

Nígbà tí ìyá rẹ rí i pé oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi mọ́, ó wá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì ìsọ̀. Kò bú mi, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ní ìlú tí ilé ìwòsàn ńlá wà, ṣé kì í ṣe ibẹ̀ náà ni ọmọ wa ń gbé? Mo ní ibẹ̀ ni. Ó ní ṣé kò ní yàrá ni? Ọmọ mi, mo wo ìyá rẹ títí. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń wòkè, kò wá sí mi lọ́kàn rí.

Mo mọ̀ pé yàrá rẹ kéré. O ti sọ fún wa pé bí o bá na ẹsẹ̀, ògiri ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ náà mọ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi bẹ̀ ọ́, ó ní òun ò fẹ́ kó ìdààmú bá ọ. Ṣùgbọ́n èmi bàbá rẹ ń bẹ̀ ọ́. Mo gé odidi àgbàdo kí hẹlikọ́pítà lè ríbi balẹ̀ sí. Ìwọ náà, bá mi sún bẹ́ẹ̀dì rẹ mọ́ ògiri, kí ẹ̀gbọ́n rẹ lè ríbi balẹ̀ sí.

A ò dúró de ìrọbí lọ́tẹ̀ yìí. Ojú ọ̀sán la máa sọdá odò, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, awakọ̀ tó ń kó pákó wá sí ìlú yín á gbé wa lódìkejì. Òun náà ló mú lẹ́tà yìí ṣáájú, bó bá padà dé la máa bá a lọ. Owó àlọ wà, mo ta kẹ̀kẹ́ tí mo ń tọ́jú. Owó àbọ̀ tèmi ni kò sí, jọ̀ọ́ bá mi wá a, kí o fi ti aṣọ ọmọ díẹ̀ kún un, bó bá sì kù, kí o fi ti àgbàdo sí i, torí ìyá rẹ ò tíì dárí jì mí.

Ọlọ́run á gbé ọ ga, ṣùgbọ́n kò ní gbé ọ ga débi tí o ò ní rí wa nílẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá nílò ibi tí wàá fẹ̀gbẹ́ lé, wàá rí ẹni sún bẹ́ẹ̀dì fún ọ. Àṣẹ.

Èmi ni, bàbá rẹ, atúnkẹ̀kẹ́ṣe.

Mo gbàgbé. Má wulẹ̀ fèsì lẹ́tà yìí, kò ní bá wa nílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti dẹrù, ó ti jókòó lé e. Bí o bá gbọ́ tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn, má wòkè o. Àwa ni.