Ẹja Tí Wọ́n Ní Mo Pààrọ̀

Via dei Salici 14,
Arcella,
Padova.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Ààrẹ àti Ìgbìmọ̀ Olùdarí,
Ẹgbẹ́ Ọlọ́sìn Ẹja Ọmọ Yorùbá ní Àríwá Itálì,
Corso dei Tigli 3,
Torino.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸBẸ̀ PÉ KÍ Ẹ YÍ ÌDÁJỌ́ YÍN PADÀ LÓRÍ ẸPÌYÀ ÀMỌ̀TẸ́KÙN ÀTI ÀWỌN ẸJA AJẸJA TÍ Ó Ń BÁ GBÉ

1. Mo ń kọ̀wé yìí gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ dá dúró láti ìgbà ìpàtẹ wa ní Torino ní oṣù kọkànlá tó kọjá. Ẹ gba ipò kìíní lọ́wọ́ mi, ẹ sì ní irọ́ ni mo pa, pé ẹja inú fídíò mi kì í ṣe ẹja tí mo pè é. Mi ò wá tọrọ àánú. Ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere báyìí, àwọn aṣojú yín gan-an ló sì fojú ara wọn rí i. Ohun tó kù ni kí ẹ sọ ọ́ síta.

2. Kì í ṣe ilé mi ni ẹja náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adéfẹ́mi Ọláníyọnu, tí ó ń ta ẹja ọ̀sìn ní Sesto San Giovanni, tí ó sì jẹ́ adájọ́ nínú ìpàtẹ wa, ló kọ́kọ́ sìn ín. Ẹpìyà ni, ìdílé kan náà pẹ̀lú ẹpìyà tí a fi ń se ọbẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Amẹ́ríkà Àárín ni irú tirẹ̀ ti wá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó apá mi láti ìgúnpá dé orí ìka. Àmì dúdú bo ara rẹ̀ bíi ti àmọ̀tẹ́kùn, eyín rẹ̀ sì máa ń hàn bó bá la ẹnu. Gbogbo ẹja tí Ọ̀gbẹ́ni Adéfẹ́mi fi sọ́dọ̀ rẹ̀ ló pa. Ó sọ fún wa nínú ìpàdé, lójú gbogbo yín, pé ẹja náà kò lè bá ohun ẹlẹ́mìí kankan gbé, àti pé òun máa jù ú sínú fìrísà kí òun lè rí àpótí gíláàsì rẹ̀ lò fún nǹkan mìíràn. Mo ní kó fún mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Gbé e lọ. Kò ní pẹ́ tí wàá fi pè mí.”

Ọkọ mi, Adésànmí, ló wa ọkọ̀ láti Sesto dé Padova. Èmi jókòó sẹ́yìn, mo di kúlà tí ẹja wà nínú rẹ̀ mú ní gbogbo ọ̀nà.

3. Mi ò pè é. Iṣẹ́ àyẹ̀wò omi ni mò ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan níbí, nítorí náà omi kò ṣòro fún mi. Èyí tó ṣòro ni yíyan ẹni tí yóò bá irú ẹja bẹ́ẹ̀ gbé. Mo kà, mo béèrè, mo lọ wo àpótí àwọn ẹlòmíràn ní Genova àti ní Torino. Ohun tí mo rí kò lọ́jú pọ̀ rárá. Ẹja tó bá ti lè wọ ẹnu rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ ni, kì í ṣe aládùúgbò. Ẹja tó bá jọ ọ́ ní ìrísí àti ní àwọ̀, ọ̀tá rẹ̀ ni. Ẹja tó bá sì fẹ́ sùn síbi tó ń sùn, ìjà ni. Nítorí náà mo wá àwọn tó tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ, tí wọn kò jọ ọ́, tí olúkúlùkù wọn sì ní ibi tirẹ̀ nínú omi.

Mo yan polittero méjì, ẹja odò Ọya tiwa, tó gùn bí ejò, tí ìpẹ́ rẹ̀ le, tó ń rìn nísàlẹ̀ omi láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo yan ẹja pleco kan, tó ń fi ẹnu lẹ̀ mọ́ igi, tí ara rẹ̀ le débi pé eyín kò ràn án. Fún àárín omi, mo yan datnioide kan láti Éṣíà, onílà dúdú, ajẹja gidi, àmọ́ tó fẹ́ràn láti dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ ẹ̀ka igi. Ọ̀gbẹ́ni Adéfẹ́mi ti gbà mí nímọ̀ràn àrọ̀ onírù pupa, pé ìyẹn ló máa jẹ́ kí ẹpìyà náà mọ̀ pé òun ní ọ̀gá. Mo kọ̀. Àrọ̀ yẹn lè gùn ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, gbogbo wọn ni ì bá sì gbé mì, títí kan ẹpìyà náà.

4. Àwọn àlejò ni mo kọ́kọ́ fi sínú àpótí ńlá kan nílé mi, kí wọ́n lè mọ ilé kí oníjà tó dé. Ẹpìyà wà nínú àpótí mìíràn títí. Nígbà tí mo fẹ́ gbé e wọlé, mo ṣí gbogbo òkúta àti igi nípò, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ibí ni tòun. Síbẹ̀ ó lé polittero kan, ó sì ya lẹbẹ rẹ̀. Mo wá fi gíláàsì oníhò pín àpótí náà sí méjì fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n lè máa rí ara wọn. Mi ò fi èyí pa mọ́; èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ nígbà náà.

Lọ́jọ́ tí mo yọ gíláàsì náà, Adésànmí dúró tì mí pẹ̀lú àwọ̀n lọ́wọ́. Ẹpìyà rọra rìn káàkiri. Ó dúró níwájú datnioide, àwọn méjèèjì la ìdérí etí tí wọ́n fi ń mí gbàgà, wọ́n ń wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ẹpìyà yí padà, ó lọ ṣa edé jẹ. Ọkọ mi sọ àwọ̀n sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, a sì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn títí di òní, kò sí ẹja kankan tó kú nínú àpótí náà.

5. Àpótí yìí ni mo ya fídíò rẹ̀ fún ìpàtẹ, òun ni àwọn tó wá wòran sì yàn ní ipò kìíní. Ọ̀gbẹ́ni Adéfẹ́mi dìde, ó ní èyí kì í ṣe ẹja tí òun fún mi. Ó ní mo ti rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó tutù, tàbí kó jẹ́ pé ìgbà tí mo fẹ́ ya fídíò nìkan ni mo yọ gíláàsì. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ ò bi mí ní ìbéèrè kankan. Lójú ẹsẹ̀ níbẹ̀ lẹ ti fa igi lé orúkọ mi. Mi ò bínú nítorí ipò. Wọ́n pè mí ní òpùrọ́ lórí ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe.

6. Mo kọ̀wé pé kí ẹ rán ẹnikẹ́ni wá, lọ́jọ́ tó bá wù yín, láìsọ fún mi. Ẹ rán Ìyáàfin Àìṣà Mọ́yọ̀ọ̀lá, akọ̀wé yín láti Genova, àti Ọ̀gbẹ́ni Kẹ́hìnsí láti Torino. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n dé. Àwọn méjèèjì jẹ́ àgbà, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n wo ohun tó bá wù wọ́n. Ọ̀gbẹ́ni Kẹ́hìnsí fi ìka tọ etí gíláàsì àpótí náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ewédò ti hù bo ibi tí gíláàsì ìpínyà wà tẹ́lẹ̀, èyí tó fi hàn pé ó ti pẹ́ tí mo yọ ọ́. Wọ́n jẹun lọ́dọ̀ wa, wọ́n sì jókòó síwájú àpótí náà títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ẹnikẹ́ni kò bá ẹnikẹ́ni jà nínú omi.

Ìgbà náà ni Ìyáàfin Àìṣà sún mọ́ gíláàsì. Ìdérí etí òsì ẹpìyà náà ní àlàfo kan, bí ìgbà tí èèyàn fi àlùmọ́gàjí gé e. Ìyáàfin náà wò ó pẹ́, wọ́n ní, “Ẹja Adéfẹ́mi nìyí. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹja yìí fi orí sọ òkúta, tí ibẹ̀ sì ya.” Wọ́n yọ fóònù wọn, wọ́n pe Ọ̀gbẹ́ni Adéfẹ́mi pẹ̀lú fídíò, wọ́n sì na fóònù náà sí ẹja. Ó tẹjú mọ́ ẹja náà. Ohun tó sọ ni pé, “Ó ti sanra.” Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí mo ń fún un jẹ, mo sì sọ fún un. Mi ò fi ṣe ẹlẹ́yà. Àmọ́ kí n má purọ́, inú mi dùn lálẹ́ ọjọ́ náà ju ọjọ́ tí mo gba oyè yunifásítì lọ.

7. Oṣù kìíní ni àwọn aṣojú yín jábọ̀ fún yín. Títí di òní, ẹ ò sọ nǹkan kan. Ní báyìí, Ìyáàfin Dùnsìn, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní Torino, ti yan ẹja tirẹ̀ lọ́nà tí mo gbà yan tèmi, tirẹ̀ sì wà ní àlàáfíà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Adéfẹ́mi fúnra rẹ̀ wá sí Padova. Ó ní òun ṣetán láti fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ mi. Mo ní kó má ṣe ìyọnu. Kó kúkú sọ ọ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́, bó ṣe sọ ti àkọ́kọ́. Ó gbà.

8. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ dá mi padà sínú ẹgbẹ́, kí ẹ dá ipò kìíní padà fún àpótí mi, kí ẹ sì fi í sínú òfin wa pé a kò ní dá ọlọ́sìn kankan lẹ́bi mọ́ láìkọ́kọ́ dé ilé rẹ̀.

9. Ó ku ẹyọ kan. Ìkéde tí ẹ fi dá mi dúró kò dárúkọ mi. “Ìyàwó Dókítà Adéoyè” ni ẹ kọ síbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni mí lóòótọ́, ó sì wù mí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun gan-an ló kọ́kọ́ bínú sí gbólóhùn yẹn. Nígbà tí ẹ bá ń kọ ìkéde tuntun, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ tó wà nísàlẹ̀ yìí ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì kọ ọ́ tán.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí.

Èmi ni ọmọ ẹgbẹ́ yín tòótọ́,

Wúràọlá Olúwabùkọ́lá Adéoyè,
Onímọ̀ àyẹ̀wò omi, ẹ̀ka Padova.