Ojú Àtàǹpàkò Yín Lára Púpurú

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé bí a ṣe ń kí aráyé nìyẹn, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń kí yín níbi tí ẹ wà, ẹ fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, orí àpótí yín ni mo jókòó sí, èyí tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fìdí kàn. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo jókòó lé e lẹ́yìn tí a sin yín, mo ń retí ariwo yín. Kò sẹ́ni tó lé mi dìde. Mo sunkún lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ ìsìnkú lọ.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ fún yín. Mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, torí Bọ̀dá, àkọ́bí yín, ti ń bínú, mo sì mọ̀ pé bí wọ́n bá ti kúnlẹ̀ àdúrà, ẹ̀yin ni wọn yóò fẹjọ́ mi sùn. Púpurú yín tó ṣẹ́kù ti tán. A ti jẹ ẹ́.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ mọ ọ́n? Òjò ń rọ̀. Ẹ ti ń fọwọ́ mú àyà láti àárọ̀, mo sì bẹ̀ yín títí kí ẹ lọ dùbúlẹ̀. Ṣé ẹ̀yin lẹ ó gbọ́? Ẹ̀gẹ́ ti rọ̀ nínú omi, a ti yọ okùn inú rẹ̀, a ti fi òkúta tẹ̀ ẹ́ nínú àpò, omi rẹ̀ ti ro tán, ẹ sì gbà pé bí ó bá di ọjọ́ kejì yóò kan jù. Ẹ jókòó lórí àpótí yìí, ẹ mọ gbogbo rẹ̀ róbótó róbótó, ẹ tẹ àtàǹpàkò yín sí àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ tò wọ́n sórí àjà tó wà lókè ààrò, ẹ koná sí i lábẹ́. Lẹ́yìn náà lẹ wá wọlé lọ sinmi. Ẹ kò jáde mọ́.

Ta ni kò mọ ojú àtàǹpàkò yẹn ní àdúgbò wa? Àjà tiyín ló tóbi jù ní Odigbo níbí, nítorí náà gbogbo ìyàwó ilé ló ń kó tiwọn wá yan lórí iná yín. Púpurú tí èéfín bá sì ti sọ di dúdú, ọ̀kan ò yàtọ̀ sí èkejì mọ́, àmì nìkan ni oníkálukú fi ń mọ tirẹ̀. Ìyàwó káfíńtà a fi igi ìgbálẹ̀ fa ìlà méjì. Ìyá Sùlè, ìyàwó awakọ̀, a tẹ ìdérí ìgò sí tirẹ̀. Tiyín ni ojú àtàǹpàkò tó wọ́, nítorí àdá tó gé yín níbi tí ẹ ti ń fọ́ kòkó ní oko Omifunfun, tí ẹ pọ̀n mí sẹ́yìn. Ẹ máa ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ yẹn ta sí mi lórí, òun ló sọ mí di olórí kunkun. Ẹ̀jẹ̀ ta ni ná, Màmá? Tiyín mà ni.

Ọdún tí wọ́n bí yín, ẹ̀yin fúnra yín ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹ máa ń sọ ni pé ẹ ti ń ru igi ìdáná láti oko Ajue nígbà tí títì ńlá tó gba Ore kọjá ṣì jẹ́ igbó kìjikìji. Bọ̀dá kọ iye ọdún tó wù wọ́n sórí ìwé ìsìnkú, kò sẹ́ni tó lè já wọn nírọ́. Ẹ ti Ajue wá ṣe ìyàwó ní Odigbo, ẹ bímọ, ẹ sin nínú àwọn ọmọ náà, ẹ sin bàbá wa nígbà tí ẹ kò tíì já mi lẹ́nu ọmú, ẹ sì fi púpurú tọ́ àwa tó kù. Báwo lẹ ṣe ṣe é? N kò bi yín rí nígbà tí ẹ wà láyé. Mo rò pé a ṣì máa jókòó sọ ọ́ lọ́jọ́ kan.

Àwọn tí ẹ fi sílẹ̀ ò tíì gbà pé ẹ lọ. Bàbá àjèjì tó ń dá oko kòkó lọ́dọ̀ wa ní Omifunfun, ẹni tí ò gbọ́ èdè wa dáadáa, tí ẹ̀yin náà ò gbọ́ tirẹ̀, tí ẹ sì jọ ń bá ara yín jà lórí koríko oko lọ́dọọdún, ó wá síbi ìsìnkú yín. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló dúró sí títí èrò fi túká, kò gba ìjókòó. Ní Ore ńkọ́? Ọkọ Ìyá Sùlè ṣì ń tẹ fèrè ọkọ̀ rẹ̀ ní ẹnu gáréèjì níbi tí ẹ máa ń pàtẹ sí. Mo sọ fún un pé kò sẹ́nì kan níbẹ̀ mọ́. Ó ní òun mọ̀, ọwọ́ òun ni kò tíì mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀ mi. Púpurú tí ẹ mọ kẹ́yìn, òun ni wọ́n fi bọ́ àwọn tó wá ṣọ̀fọ̀ yín. Mo ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, mo rí àwọn obìnrin tó wá dáná, wọ́n gbé ọ̀bẹ, wọ́n ń họ ara rẹ̀ dúdú dànù kí wọ́n lè gún funfun inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe é, mo mọ̀. Ara dúdú yẹn kọ́ là ń jẹ. Ṣùgbọ́n ara dúdú yẹn ni ojú àtàǹpàkò yín wà, wọ́n sì ń họ ọ́ sílẹ̀ bí èèpo iṣu sísun, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ. Mo figbe ta. Wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ikú ni, wọ́n ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Mo jí ọ̀kan gbé, mo wé e sínú ewé, mo fi pamọ́ sí ìkángun àjà. Olè nínú ilé ìyá mi!

Látìgbà náà ni mo ti ń koná sábẹ́ rẹ̀, kí kòkòrò má bàa dá a lu. Bí n kò tilẹ̀ ní nǹkan mìíràn tí mo ń yan, mo ń koná. Bọ̀dá rí i nígbà tí wọ́n wálé, wọ́n fẹ́ kí a fi sínú àpótí onígíláàsì, kí a gbé e sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò yín, kí àwọn ọmọ ọmọ yín máa wò ó. Mo gbà. Mo rò pé ó dáa. Kí ni ǹ bá tún fi rántí ọwọ́ yín?

Èmi náà ń mọ tèmi láti fi ṣọrọ̀ ajé, mo sì ń gbé e lọ sí Ore lórí ọ̀kadà bí ẹ ṣe mọ̀. Ṣùgbọ́n n kò fi àmì kankan sí i. Nígbà tí ẹ wà, abẹ́ ọwọ́ yín ni mo wà, àtàǹpàkò yín ló ń bo tèmi mọ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ lọ, ọwọ́ mi kọ̀, mo ń fi í sílẹ̀ lásán bẹ́ẹ̀. Ìyàwó káfíńtà bú mi títí, nítorí tèmi ń dà pọ̀ mọ́ ti àwọn tó gbàgbé láti fàmì sí tiwọn, a ò sì mọ ti ta ni ti ta ni mọ́. Mo bú òun náà padà. Ẹ ò sí ńlé láti làjà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí láti Ajue pé àbúrò yín ò jẹun mọ́. Ẹ mọ̀ pé àwọn nìkan ló kù nínú ọmọ ìyá yín, ojú wọn sì ti fọ́ tán báyìí. Omi ẹ̀kọ nìkan ni wọ́n ń mu láti ìgbà tí a ti sin yín, wọ́n sì ti gbẹ bí igi. Ọmọ wọn sọ fún mi pé púpurú yín ni wọ́n ń bèèrè. Ẹ̀rù bà mí. N kò fẹ́ sin ẹlòmíràn nínú ọdún kan náà, mo sì mọ ohun tó wà lórí àjà mi.

Síbẹ̀, tèmi ni mo kọ́kọ́ gbé lọ. Àbúrò yín gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fọwọ́ pa á lára yípo, wọ́n ń wá ibi tí àtàǹpàkò wọlé. Wọn ò rí i. Wọ́n kàn rọra gbé e sínú agbọ̀n ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n yíjú sí ògiri.

Ẹ ẹ̀ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí lára mi. Mo délé, mo mọ òmíràn, mo ká àtàǹpàkò mi kò kí ó lè wọ́ bíi tiyín, kí n fi tàn wọ́n. Mo wò ó, ìtìjú bá mi, mo fọ́ ọ mọ́lẹ̀. Ṣé ẹ rí mi? Bí ẹ bá rí mi, ẹ dákẹ́.

Ní Sátidé, mo sọ púpurú tiyín gan-an kalẹ̀ láti orí àjà. Bọ̀dá ń pariwo lórí fóònù pé n kò gbọdọ̀ dán an wò, mo pa fóònù. Mo gbé e lé itan ní gbogbo ọ̀nà Ajue, ọlọ́kadà ń rò pé ọmọ ni mo gbé. Àbúrò yín fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n rí i. Wọ́n ti àtàǹpàkò tiwọn bọ ojú tiyín, wọ́n sì fi síbẹ̀. Ó pẹ́. Omi ń bọ́ lójú wọn, tèmi náà ń bọ́, kò sẹ́ni tó rẹ ẹnì kejì lẹ́kún.

Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, pé mo yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn. Hà! Wọ́n jágbe mọ́ mi, ohùn yín gan-an ló jáde lẹ́nu wọn. Wọ́n ní ìgbà wo ni oúnjẹ di ère? Wọ́n ní kí n gbé ọ̀bẹ wá. Àwọn fúnra wọn ló họ ọ́, afọ́jú, Màmá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú àtàǹpàkò yẹn. Mo yíjú sẹ́yìn. Mo ṣì ń gbọ́ ìró ọ̀bẹ náà.

Mo gún un, mo kù ú, mo rò ó, a fi ọbẹ̀ ilá jẹ ẹ́. Àbúrò yín bu òkèlè àkọ́kọ́, wọ́n gbé e mì, wọ́n ní kí èmi náà jẹ. Mo jẹ. Ká sòótọ́, kò dùn. Ó korò. Èéfín ti wọ inú rẹ̀ dé egungun, nítorí mo yan ohun tó ti gbẹ láyangbẹ títí ó fi bàjẹ́. Mo ń wojú wọn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín! Ẹ̀rín gidi. Wọ́n ní ká ní ẹ wà níbẹ̀, ẹ̀ bá ti fi ọmọrogùn yẹn gbá mi létí. A jẹ ẹ́ tán bó ṣe korò náà, a ò ṣẹ́ ẹyọ kan kù.

Lẹ́yìn náà wọ́n na ọwọ́ sínú agbọ̀n, wọ́n yọ tèmi ọjọ́sí jáde, wọ́n ní kí n ro ìyẹn náà fún àwọn, ebi ń pa àwọn. Wọ́n jẹ ẹ́ ní àjẹyó. Wọ́n wá gbá ọwọ́ mi mú, wọ́n ń wá àtàǹpàkò mi láàárín ìka yòókù, wọ́n mú un dání. Wọ́n ní ojú àwọn kò ríran mọ́, pé nígbà mìíràn tí mo bá gbé oúnjẹ wá, kí n jẹ́ kí ọwọ́ àwọn mọ ọmọ ta ló gbé e wá.

Mo ti délé, mo ti rẹ ẹ̀gẹ́, mo ti mọ ọ́n. Láti àárọ̀ yìí ni mo ti jókòó lórí àpótí yín tí mo tò wọ́n síwájú, tí n kò lè gbé wọn sórí àjà. Báwo lẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, Màmá? Ṣé kí ó jìn ni, àbí kí ó kàn kan ara rẹ̀? Mo ti wo ọwọ́ yín jálẹ̀ ayé mi, n kò mọ̀ ọ́n.

Mo tẹ̀ ẹ́ ṣá. Àtàǹpàkò tèmi gún gbọọrọ, kò wọ́, kò jọ tiyín rárá, mo sì sunkún sí i lórí. Wọ́n wà lórí iná báyìí. Ìyàwó káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ kó tirẹ̀ wá ni, ó wò wọ́n, ó bèèrè pé ta ló ni àmì yìí.

Mo ní èmi ni.

Èmi àbíkẹ́yìn yín, olórí kunkun, tí ó jókòó lórí àpótí yín, tí ó sì ń retí kí ẹ lé òun dìde.