Òróró Àdúrà Tí Mo Fi Sínú Báàgì Ṣadé

Sísì mi, ẹ̀yin tí ẹ tọ́ mi bí ọmọ,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àmójútó ará ilé gbogbo. Ṣé eékún yín ti fúyẹ́? Òtútù ibí kò jẹ́ kí n jáde. Ojú fèrèsé ni mo ti ń wo àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí River Road ní Barking, nílùú òyìnbó níbí, níbi tí mo ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ara mi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ṣadé, àbígbẹ̀yìn mi, ni. Ilé ìwádìí kan lápá àríwá ló ti ń ṣiṣẹ́. Ohun ìdáná tí ilé iṣẹ́ iná nukílíà bá ti lò, ásíìdì ni wọ́n fi ń yọ́ ọ, wọ́n á wá fi òróró kan tó jọ kẹrosínì fa èyí tó ṣì wúlò jáde. Iṣẹ́ Ṣadé ni láti mọ ìgbà tí àpòpọ̀ yẹn lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná fúnra rẹ̀. Ìwọ̀nba inú ìgò ló ń dán wò tẹ́lẹ̀. Ní báyìí wọ́n fẹ́ gbé Ṣadé lọ sí ilé iṣẹ́ tí ojúlówó àpòpọ̀ náà wà, ó sì ní òun ò ní lọ bí mi ò bá súre fún òun.

Sísì, ẹ̀rù bà mí. Nígbà tó wá kí wa, mo rọra fi ìgò òróró àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì wa sínú báàgì rẹ̀, mo lẹ ìwé tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì kọ mọ́ ọn pé kó máa fi pa ẹ̀rọ ibiṣẹ́ rẹ̀ láràárọ̀. Ó pè mí, ó ń rẹ́rìn-ín: Dádì, ṣé ẹ fẹ́ sun mí níná ni? Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní òróró tó bá lọ pàdé ásíìdì gbígbóná níbi tí kò yẹ, òun gan-an ni àwọn ń ṣọ́ tọ̀sán-tòru. Ojú tì mí.

Mo bi í bí ohun tí kò sí lórí iná ṣe ń gbóná. Ó ní kí n rántí irú ọbẹ̀ tí ẹ̀yin Sísì máa ń ṣe: ẹ óò sè é, ẹ óò fi ewé bò ó, ẹ óò wé e láṣọ, tó bá di ọjọ́ kejì, á ti máa mú ooru wá fúnra rẹ̀. Díẹ̀ nínú abọ́ kò ṣe nǹkan. Tó bá pọ̀, tí ooru kò ríbi jáde, á máa gbóná sí i ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni àpòpọ̀ yẹn, òun ló máa sọ ìwọ̀n tí wọn ò gbọ́dọ̀ kọjá. Ó yé mi, Sísì, yíyé tó yé mi ló tún dá kún ẹ̀rù mi.

Ìyàwó mi ní mò ń bá gbogbo Barking bẹ̀rù. Ó ní ta ni mo fẹ́ kí wọ́n fi síbẹ̀, ṣé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni?

Mo ti súre fún Ṣadé lánàá. Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni mo bú sẹ́kún. Ó máa pè yín lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún un pé inú mi dùn. Kò lè ka Yorùbá, lẹ́tà yìí kò lè tú mi fó.

Olúwa á dá ẹ̀mí yín sí, á sì mú ọmọ wa lọ, á mú un bọ̀. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín tí àyà ń já,
Délé